Ohùn Ta Ló Ń Jáde Lẹ́nu Agatha?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá òkìkí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán.

1. Igbotako ni wọ́n bí Agatha sí. Ní 1964, ó bá ẹgbẹ́ eléré tíátà kan lọ. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé Ìbàdàn. Ohùn rẹ̀ ló ń fa èrò, ohùn kíki tí èdè Ìkálẹ̀ hàn nínú rẹ̀ ketekete.

2. Ní 1970, ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó fẹ́ fi í ṣe sinimá. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn fún un. Olúsọjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, bẹ̀ ẹ́.

"Agatha, jẹ́ kí n bá ọ kà á ná. Ojú ewé mẹ́rin ni."

"Bọ̀ọ̀dá, àwọn ló ń wá mi. Èmi kọ́ ni mò ń wá wọn."

Ó fọwọ́ sí i láì tilẹ̀ ṣí ojú ewé kejì wò.

3. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ya sinimá náà. Ìgbà mẹ́fà ló ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀ nítorí ìran kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí gbọ̀ngàn kan ní Òkìtìpupa lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ará Igbotako kún ibẹ̀. Eunice, ìyá rẹ̀, wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà rẹ̀, ó jókòó ti Agatha níwájú.

Agatha yọ nínú sinimá, ó la ẹnu. Ohùn obìnrin mìíràn ló jáde.

"Ọmọ mi," ni Eunice wí, "ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ?"

Ọ̀gá sinimá tó wà lẹ́yìn wọn tẹ̀ síwájú, ó sọ sí Agatha létí.

"Èdè oko rẹ kò bá sinimá mu. Ó wà ní ojú ewé kẹta ìwé àdéhùn rẹ pé a lè fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò tìrẹ. Bí o bá ba eré yìí jẹ́, o ò ní ṣeré mọ́."

Agatha dìde. Ó lọ dúró níwájú aṣọ tí wọ́n ń wo sinimá lára rẹ̀, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nínú eré náà títí ó fi parí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún un.

4. Ojú ewé kẹrin ìwé àdéhùn náà ló pa á lára. Ó dè é fún ọdún méje: kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ kankan ṣeré. Ó padà sílé, ó ń yan gàrí. Àwọn kan ní kó kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

"Mo jẹ̀bi pé n kò kàwé yẹn," ló dá wọn lóhùn. "Ṣùgbọ́n n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni torí pé mo lo ohùn mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra. Má jẹ́ kí ìyìn ènìyàn mú ọ fọwọ́ sí ohun tí o kò kà. Bí kò bá yé ọ, gbé e fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ohùn rẹ ni wọ́n fẹ́ gbà, dá ìwé wọn padà fún wọn.