Fadérera àti Tẹ́ńtẹ́n

Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ gbé Ìyáàfin Mojírọ́lá, aṣojú ìjọba, dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lẹ́bàá òkè, kó wá yẹ eré ìdárayá wọn wò. Ẹ̀gbà ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń tàn bí inú rẹ̀ bá dùn sí eré; bí ti ẹnì kan ṣoṣo ò bá tàn, ìjọba á gba pápá ìṣeré wọn, wọn á to páànẹ́lì sóòlà sí i.

Gbogbo ẹ̀gbà ló ń tàn, àfi ti Fadérera tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, olùkọ́ eré ìdárayá, ti ń làágùn.

"Mà, kò fẹ́ bọ́ọ̀lù, kò fẹ́ eré sísá."

Ìyáàfin náà lọ bá ọmọbìnrin náà. "Kí lo wá fẹ́?"

"Tẹ́ńtẹ́n ni, mà. Wọ́n ní eré ọmọdé ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyáàfin Mojírọ́lá bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún. "Dìde jàre!"

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń na ẹsẹ̀ síra wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa bọ́ọ̀lù tì, wọ́n wá ń kọrin sí i. Fadérera borí ìyá náà pátápátá, ẹ̀gbà rẹ̀ sì tàn yòò.

"Ṣé pápá ti di tiwa, mà?" ni Ajíbóyè béèrè.

"Tiyín ni," ni ìyá náà dáhùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àmọ́ Fadérera, máa múra sílẹ̀ o. Màá padà wá gbẹ̀san."