Ẹ̀rọ Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ajórin ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, torí òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ jó géètì ilé wọn pọ̀ nígbà tó já.

Àmọ́ nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ìránṣọ ló yàn.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀gá àwọn jórinjórin. "Ta ló fipá mú ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Àwọn kan ní ọkọ ló ń wá.

Abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́ ṣáá. Síbẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Tó bá rán ìlà kan, á yọjú wo òdìkejì títì.

Lónìí, ó sú tíṣà.

"Ọkùnrin wo lò ń wò níta? Dìde, lọ jókòó sẹ́yìn."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wà níbí."

"Mo ní kó o dìde."

Omi ti ẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kan fi fọn fèrè kíkankíkan, táyà sì ké lójú títì.

Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré jáde. Tíṣà tẹ̀ lé e.

Màmá Ajórin ló wà láàárín títì láìwọ bàtà. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé wọn, tó dojú kọ fèrèsé yẹn gan-an, ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ajórin di màmá náà mú gírígírí.

Màmá wo ojú rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín.

"O ṣeun, ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà bí ọmọbìnrin kan o. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń kọ́."