Aláàbò Kíláàsì Wa

Ìbò ń lọ lọ́wọ́ ní kíláàsì wa, kò sì sí màgòmágó kankan níbẹ̀.

Tíṣà wa fẹ́ kí a yan Aláàbò, ẹni tí a óò máa fẹjọ́ sùn tí ẹnikẹ́ni bá ń fìyà jẹ wa.

"Ó yá, ta lẹ fẹ́?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. "Jẹ́jẹ́ ni, mà."

Àwọn tíṣà ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí kì í pariwo.

"Kí ló dé tó o fi mú un?"

"Mà, kò sọ́jọ́ tí kì í béèrè oúnjẹ tí mo gbé wá. Ó mọ inú báàgì mi ju èmi alára lọ. Tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń dúró sí títí n ó fi parí ẹ̀. Kì í jẹ́ kí n dá wà nílé ìtọ̀ pàápàá. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí tèmi rò tó bẹ́ẹ̀."

Omi lé ròrò sójú tíṣà. "Háà! Ọmọlúàbí ṣì kù láyé. Ta ló tún fẹ́ bá a du ipò yìí?"

Gbogbo wa tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ta ló fara mọ́ ọn?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo ọwọ́ ti lọ sókè.

Tíṣà fi báàjì kọ́ Jẹ́jẹ́ láyà. "Láti òní lọ, ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ, kó má wá bá mi o. Jẹ́jẹ́ ni kó lọ bá."

A pàtẹ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra sọ sí mi létí:

"O gbìyànjú, gbogbo ẹ̀ lo rántí. Àmọ́ ṣé mi ò ní kó o sunkún tó o bá dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Wá bá mi nílé ìtọ̀."