Egungun Àgbọ̀n Lórí Tábìlì

Ọ̀gá ọlọ́pàá da egungun àgbọ̀n náà jáde nínú àpò ọ̀rá sórí tábìlì dókítà eyín. Iná ti sun ún dúdú. Àwọn eyín iwájú ti kán wọnú.

"Ìyàwó káfíńtà nìyí," ó ní. "Ọkọ rẹ̀ lù ú pa, ó dáná sun ún. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé obìnrin ni."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná."

Ọ̀gá ọlọ́pàá fi ọwọ́ tó fi báńdéèjì dì nu òógùn.

Ìyá káfíńtà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀wù mímọ́ kan mọ́ àyà. Ó ti gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbọ́ ìró igi lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kó fojú kàn án.

"Bó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á yẹgi fún ọmọ mi," ó ní. "Dókítà, ẹ ṣàánú mi."

"Màmá, eyín kì í gbẹ̀bẹ̀."

Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹni tó ń fi òòlù kanṣó látàárọ̀ dalẹ́, ṣé orí ìyàwó ló máa ṣòro fún un láti fọ́?"

Dókítà fi irin ìwọ̀n há eyín ṣóńṣó kan, ó wọn èkejì; àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ gun eyín tó kàn wọ́n lẹ́yìn. Ti ọkùnrin sábà máa ń fẹ̀ ju ti obìnrin lọ díẹ̀. Ìwọ̀nyí fẹ̀ kọjá díẹ̀.

"Eyín kì í búra, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ̀ tó yìí, ọkùnrin ni."

"Ẹ tún un wọ̀n."

Ó tún un wọ̀n. "Ọkùnrin náà ni."

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri. "Kọ obìnrin!"

Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ìwé. Dókítà nù ún, ó kọ ọkùnrin.

Àwọn aláìsàn ti rọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Ọ̀gá ọlọ́pàá tú u sílẹ̀.

"Màmá," ni dókítà wí, "kì í ṣe ìyàwó ọmọ yín."

Ìyá náà fò sókè. "Ọmọ mi bọ́! Ọ̀gá, ẹ mú mi lọ bá a. Ẹ̀wù rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá ọlọ́pàá nawọ́ gbé àpò ọ̀rá rẹ̀.

Ìyá káfíńtà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí dókítà rí lẹ́nu rẹ̀, eyín ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀gbẹ́ gun àwọn tó wà nítòsí wọn, lọ́tùn-ún lósì, gẹ́lẹ́ bíi ti àwọn méjì tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n tán lára egungun àgbọ̀n náà.