Àmì Tó Ń Já Bọ́

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni Élodie, nọ́ọ̀sì, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fíríjì àjẹsára ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ifangni ti gbóná, agogo rẹ̀ kò dún, abẹ́rẹ́ igba ọmọ sì bàjẹ́. Wọ́n ní Élodie ló pa agogo.

"Irọ́ burúkú ni!" Adéjọkẹ́, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ti sọ fún Raphaël, ọ̀gá wọn. "Ètò tí àwa kọ sínú ẹ̀rọ fíríjì yẹn ni kò ṣiṣẹ́."

"Màmá, aládùúgbò yín ni Élodie. Ẹnu yín kọ́ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́."

Aago méjì ti kọjá. Adéjọkẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀yìn, àpò ńlá kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tábìlì rẹ̀ mọ́ nigín-nigín lónìí. Dáhùnsí, tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ ètò, ń rìn lọ rìn bọ̀.

Láàárín wọn, ẹni tó bá kọ ìlà kan a lẹ àmì mọ́ ọn: orúkọ rẹ̀, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ká ìlà púpọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, tí atúmọ̀ tó ń sọ ètò di èdè ẹ̀rọ bá ń tú u, àmì a já bọ́. Ìlà a dé òdì kejì láìlórúkọ, bí ẹrù fàyàwọ́, atúmọ̀ kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí. Àbùkù yẹn ni Adéjọkẹ́ ń tún ṣe, kí orúkọ ẹni tó kọ ìlà tó pa agogo lè hàn.

"Ìyá Amandine, pardon, ẹ fi í sílẹ̀," ni Dáhùnsí wí fún Adéjọkẹ́. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a kọ ọ́. Ó lè jẹ́ tèmi."

"Bó bá jẹ́ tìrẹ ńkọ́? Kí ọmọ ọlọ́mọ wá máa sunkún nítorí rẹ? Mu omi jàre. O ń làágùn bí ẹni ru sìmẹ́ǹtì kọjá ẹnubodè Igolo."

Dáhùnsí kò rẹ́rìn-ín. Adéjọkẹ́ ti mú kí Raphaël fọwọ́ sí ìwé: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni yóò lọ, Élodie yóò dúró.

"Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Ta ló wẹ ọmọ náà bí kò ṣe èmi?"

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Raphaël àti Élodie wọlé. Adéjọkẹ́ ti kọ́ atúmọ̀ pé bó bá ń tú ọ̀rọ̀, kó kó àmì rẹ̀ dání. Ó dán an wò. Atúmọ̀ kọ̀. Raphaël wo aago ọwọ́ rẹ̀. Adéjọkẹ́ tún ibì kan ṣe, ó dìde.

"Dáhùnsí, wá tẹ̀ ẹ́."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ."

Dáhùnsí di ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa là á, orúkọ Adéjọkẹ́ ló wà lójú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó pa agogo, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn ti wà níwájú Dáhùnsí, ìyá náà sì ti gbé àpò tó ti dì láti àárọ̀ kọ́ èjìká.