Ìkíni Tí A Kọ Gàdàgbà

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 2061, ìjọba ìbílẹ̀ wa fi àpótí ìkọ̀wé tuntun sínú áàpù wọn. Nínú rẹ̀, ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà, ó lè fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì lè sọ ọ́ di pupa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ìyá mi pé àwọn yóò wó ilé rẹ̀.

Mo jókòó tì í, mo ń tẹ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ kọ gàdàgbà. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Àrẹ̀mú, ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ìwé alẹ́ nìyẹn? Ìkíni ni kí o kọ gàdàgbà! Bóyá ẹni tó ju bàbá rẹ lọ ni yóò kà á."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: "A rí ìkíni yín. Ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ti parí."

A sáré lọ sí ọ́fíìsì wọn. Lábísí, akọ̀wé ojú fèrèsé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Màmá, ẹ̀rọ ló ń kàwé níbí. Ohun tí ẹ bá kọ gàdàgbà nìkan ló ń kà."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o kò lè ka ìyókù ni?"

"Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ máa kí ẹ̀rọ? Ẹ kí wa, a dá yín lóhùn. Ẹni tó kàn!"

Ilé oníyàrá mẹ́fà ni a pàdánù, àti ibojì bàbá mi tó wà lẹ́yìn rẹ̀.