Ó-Ti-Tó àti Eku Márùn-ún Tí Kò Kà

Ìwàǹwára ni àrùn tó ń ṣe ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi oṣù mẹ́ta yẹ̀ wò, òun á fi oṣù kan wò ó, á ní, “Ó ti tó.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-Ti-Tó nìyẹn. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Oògùn tí kò ní jẹ́ kí egungun àgbàlagbà máa joro ló ń wá. Abo eku ló fi ń dán an wò. Wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n á yọ ilé ẹyin wọn, kí egungun wọn lè máa joro bíi ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Wọ́n fún eku méjìlá lóògùn, wọ́n fún méjìlá yòókù lómi lásán. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun wọn, ti àwọn tó lo oògùn funfun báláú, ó nípọn, ó le. Inú Ó-Ti-Tó dùn ṣìnkìn.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń bọ́ àwọn eku náà. Ìyá Eku ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ọ̀kan tọ ọ̀gá rẹ̀ wá.

“Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Mo kàn gbé e ni, itan rẹ̀ kán.”

“Ọwọ́ yín ló le jù, Màmá.”

“Karùn-ún rèé o! Gbogbo wọn ló lo oògùn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gbé eku, n kò kán ẹsẹ̀ ọ̀kan rí. Egungun yìí le lóòótọ́, àmọ́ kò lágbára. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ẹ̀rọ.”

Ẹ̀rọ tó ń sọ ni ẹ̀rọ tó máa ń tẹ egungun títí á fi kán, kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe.

“Líle náà ṣáà là ń wá,” ni Ó-Ti-Tó wí. “Ó ti tó.”

Ó fi gègé pa eku márùn-ún rẹ́ nínú ìwé, ó kọ ọ́ pé ẹni tó ń tọ́jú wọn ló ṣe wọ́n léṣe. Irọ́ gbuu!

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, aránṣọ, tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Egungun ẹ̀gbọ́n náà ti ń joro. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù sì ń bà á kí ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ má lọ kán pẹ̀lú. Ó-Ti-Tó gbé oògùn lọ fún un kí àwọn aláṣẹ tó fọwọ́ sí i.

“Àbúrò mi, ṣé ẹ ti dán an wò dáadáa?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Egungun yín á le kokooko.”

“Tó bá ti tẹnu ẹ jáde, ó parí.”

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé e mì láràárọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dìde nídìí ẹ̀rọ kó lọ wọn oníbàárà. Kò yọ̀, kò kọsẹ̀. Itan rẹ̀ kán kó tó ṣubú.

Nílé ìwòsàn, dókítà pe Ó-Ti-Tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Irin ni mo fẹ́ lù sínú egungun yìí. Ṣé wọ́n ń lo oògùn egungun kankan? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní lu irin, ọ̀nà mìíràn ni màá gbà tò ó.”

Ó-Ti-Tó rò ó wò. Tó bá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Tó bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?

“Rárá o, dókítà.”

Háà! Ọmọ ìyá ẹni! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi. Dókítà lu irin, egungun sì fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ṣeé tò mọ́.

Ìyá Eku gbọ́, ó gbé ìwé tí wọ́n ti pa eku márùn-ún rẹ́ lọ fún àwọn aláṣẹ. Wọ́n lé Ó-Ti-Tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ nídìí ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Dókítà bi ọ́ nípa oògùn náà?”

“Wọ́n bi mí.”

“O sì mọ̀ pé ó ti kán eku lẹ́sẹ̀?”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn,” ni obìnrin náà wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ẹni tí ẹ̀mí èèyàn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa èsì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rẹ́. Bí eku bá kán lẹ́sẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, dúró dè é. Bí o bá sì ti ṣe àṣìṣe, tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì wúlò. Ìwàǹwára Ó-Ti-Tó ló kán itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tó pa fún dókítà ló sọ obìnrin náà di arọ.